Ìyá Gáná Lójú Fèrèsé

Ẹnu mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí Nàìjíríà na Gáná ní bọ́ọ̀lù, mo káwọ́ lérí, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà obìnrin ará Gáná tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ tiwa ní agboolé ọkọ mi ní Bẹ́yẹrúnkà. Mo ní, “Ìyá Gáná, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run á fi mọ bẹ́ẹ̀.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti kí mi mọ́. Ẹni tí kò gbé agboolé rí lè ní kí ni ti ìkíni. Kànga kan náà la ti ń fa omi, okùn kan náà la ń sá aṣọ sí, a wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wa kọjá láìsí “ẹ káàárọ̀”. Àárò rẹ̀ sọ mí. Òun ló máa ń bá mi mú ọmọ tí mo bá lọ ra òwú àti bọ́tìnnì ní Gbági. Ṣùgbọ́n kí èmi lọ máa bẹ èèyàn nítorí bọ́ọ̀lù? Ìyá ọkọ mi ní, “Ahọ́n pẹ̀lú eyín ń jà, ṣebí inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń sùn.” Mo ní kí eyín kọ́kọ́ wá bẹ ahọ́n ná.

Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé dé, kíá ni wọ́n lé tiwa wálé. Gáná ṣì wà níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ gbá, kò síná ní gbogbo àdúgbò, àfi jẹnẹrétọ̀ ọkọ mi ló ń ṣiṣẹ́. Pálọ̀ wa kún. Ìyá Gáná kò wọlé, torí èèyàn kì í wọlé onílé láìkí i. Ìta ló dúró sí, lójú fèrèsé, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò kúrò, ó kàn fi ìborùn bo ọmọ lórí. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi pé ojú ń tì mí. Ibi tí mo ti ń ro bí n ó ṣe dìde ni Gáná gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo! Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo dì mọ́ ọn nínú òjò, a ń fò, ọmọ ń ké. Àwọn tó ń sá fún òjò lójú títì náà ń pariwo “Góòlù!” bí ẹni pé Màpó ni wọ́n ti gbá a.

“Ìyá Gáná, ẹ kú oríire!”

“Oríire wa ni, àǹtí. Ẹ jẹ́ ká wọlé, ọmọ yìí ti tutù.”

Orí àga tèmi ló jókòó sí títí rẹfirí fi fọn fèrè.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Ìyá Gáná àti ọmọ rẹ̀ ti kó padà sí Kumasi. Láìpẹ́ yìí, Nàìjíríà àti Gáná tún pàdé, a tún nà wọ́n. Àwọn ọmọ mi fò sókè. Èmi náà dìde, mo yọjú wo yàrá ẹ̀gbẹ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kì í wo bọ́ọ̀lù ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Mo padà jókòó. Ẹni tí a nà gan-an ni mo fẹ́ bá yọ̀.