Bándà tí Wọ́n Pè sí Ọdún Santa Bárbara

Ogún ọdún ni Olegário Pestana ti ń kọ orin rọ́ọ̀kì oníná mọ̀nàmọ́ná ní Lisbon, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Fagulha. Ṣòkòtò rẹ̀ a máa dán gbinrin, ìyẹ́ èjìká rẹ̀ sì ju ti tòlótòló lọ. Gbogbo ayé ló ti gbọ́ orin rẹ̀ tán àfi ìyá rẹ̀, Ermelinda. Bó bá ti pè é síbi eré, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ màmá. Ó ń dun Olegário wọ eegun.

Nígbà tí Belmiro, alága ọdún Santa Bárbara, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, ní abúlé wọn, pè é pé àwọn ń fẹ́ bándà, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ìyá ò níbi sá sí mọ́. Kò béèrè irú bándà wo, Belmiro náà ò sọ. Bẹ́ẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe olórin rọ́ọ̀kì àti àwọn afunfèrè tó máa ń rọra tẹ̀lé ère ẹni mímọ́ yí abúlé ká.

Ọ̀sán gangan ni Olegário dé. Wọ́n ti gbé ère léjìká. Fadá Anselmo wo ìyẹ́, ó wo ṣòkòtò, ó wá kọjú sí alága.

"Bàbá Belmiro, àwọn afunfèrè dà?"

"Fadá, bándà lẹ ní kí n pè. Mo pe bándà."

Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ àti dùùrù sórí katakata, Olegário sì gùn ún. Fadá ní kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ jùdí. Orin ìsìn kan ṣoṣo tí Olegário mọ̀ ni èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré. Òun ló kọ, dùùrù ń dún gbàù-gbàù, àwọn tó gbé ère bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Santa Bárbara ń mi orí. Níwájú, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nìkan ló rí.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá yíjú padà, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Olegário, o fo ẹsẹ kejì."

"Màámi, mo ti gbàgbé ẹ̀ ni."

"Èmi ò gbàgbé. Ẹ yí ère yẹn padà jàre, a ò tíì ṣe tán."

Kí Fadá tó sọ̀rọ̀, ìyá ti kọjú sí katakata. Ó gùn ún, ó dúró ti ọmọ rẹ̀, wọ́n sì tún yí gbogbo abúlé ká.