Ọmọ Ẹni Ni À Ń Kọ́kọ́ Nà

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọbìnrin òkè àfárá àti tìsàlẹ̀ àfárá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá, kò sẹ́ni tó lè jókòó sójú kan ládùúgbò. Oníbúrẹ́dì jó búrẹ́dì. Olùkọ́ ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde nílé ìwé láti èṣí. Bí ẹ bá sì yà sí ṣọ́ọ̀bù Fèrè, tó ń tún bàtà ṣe, bàtà ti kún ilẹ̀ débi pé ọkùnrin náà kò ríbi fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ sí. Bàtà òkè wà níbẹ̀, bàtà ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, òmíràn la ẹnu bí ẹni tí ebi ń pa, òmíràn ò ní okùn. Fèrè ń rán, ó ń lu ìṣó, ó ń fi gọ́ọ̀mù kun àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń súfèé. Inú rẹ̀ dùn ju ti àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Fèrè kì í ṣe orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Rẹfirí ni, fèrè kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ilé ìgbéyàwó, ì báà jẹ́ ilé ọ̀fọ̀. Òun nìkan ṣoṣo ni rẹfirí tí òkè àti ìsàlẹ̀ jọ gbà. Òkè ní ọmọ àwọn ni, torí ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí títí ọlọ́jọ́ fi dé, pẹ̀lú ohùn tí í jí ẹni tó sùn létí odò. Ìsàlẹ̀ náà ní ọmọ àwọn ni, torí ibẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ ti dàgbà, tó sì ti darúgbó, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó wà lẹ́bàá omi. Jímọ̀ ló ń bá bàbá lọ, Sọ́ńdè ló ń bá ìyá àgbà lọ, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè èwo ló fẹ́ràn jù.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọmọ bíbí inú Fèrè, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́ nítorí bó ṣe ń sáré, ni agbábọ́ọ̀lù iwájú fún òkè. Òkè kò tíì gba ife yẹn rí. Ọdún yìí sì ni ìkẹyìn fún Ọ̀kẹ́rẹ́, torí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní gbà á láyè mọ́ lẹ́yìn èyí. Bí kò bá gbà á lónìí, ó di kí ó máa wòran.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bíríkìlà tó ń kọ́ ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ ní bọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ fi tirẹ̀ sábẹ́ ahọ́n rárá. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó máa ń di àsíá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ní òun lè gba fèrè náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Fèrè kọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀, pé wọn kò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ òun.

Òótọ́ ló sì sọ. Nílé bàbá rẹ̀, bí ọmọ ilé bá bá ọmọ ìta jà, ọmọ ilé ni wọ́n ń kọ́kọ́ nà, kí wọ́n tó wádìí ohun tó fa ìjà. Bàbá náà a ní ẹni tí aráyé bá fi òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́, ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé lé e. Torí ìwà yìí ni gbogbo òkè ṣe ń gbé ẹjọ́ wọn wá bá a, tí wọ́n sì ń gba ìdájọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fọ́ fèrèsé aládùúgbò, bàbá na Fèrè. Kò pẹ́ ni ọmọ aládùúgbò jẹ́wọ́ pé òun lòun fọ́ ọ. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó mú sálúbàtà Fèrè tí okùn rẹ̀ ti já, ó rọra rán an, ó sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Fèrè ti sọ ìtàn sálúbàtà yìí fún Ọ̀kẹ́rẹ́ títí ó fi sú u. Ó máa ń ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ bàtà ti wọ òun lára. Ohun tí kì í sọ ni pé òun mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni sálúbàtà yẹn, òun sì gbà á, ṣùgbọ́n pé títí dòní, etí òun ṣì ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu bàbá òun.

Ní ti ìyá àgbà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lẹ́yìn àdúrà ìkẹyìn, wọn kì í ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde lójú gbogbo èèyàn, kó kọjú sí ẹni tó ṣẹ̀, kó sọ ọ́ síta gbangba. Ìgbà náà ni wọ́n tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ìlẹ̀kùn. Olórí akọrin ti dìde rí, ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n rò pé òun ń gbàdúrà, oorun lòun ń sùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dárí jì í, wọ́n lọ jẹun. Ọmọdé tó dàgbà síbẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹ̀bi tó tóbi ju ẹnu lọ.

Ọwọ́ líle bàbá àti ẹnu ìyá àgbà, àwọn méjèèjì ló wà nínú Fèrè, wọn kò sì tíì bára wọn jà rí títí di ọjọ́ bọ́ọ̀lù yìí.

Bàtà Ọ̀kẹ́rẹ́ ló rán kẹ́yìn, lẹ́yìn ti gbogbo ọmọ olọ́mọ, ó sì fi ìkánjú rán an. Ọmọ náà dúró tì í.

“Bàbá, mi ò ní kẹ́ ẹ ṣègbè fún mi o. Ohun tó bá ṣáà jẹ́ tèmi, ẹ fún mi.”

“Ohun tó bá jẹ́ tìẹ ò ní bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́,” ni Fèrè dá a lóhùn, ó sì fi eyín já òwú.

Òfin kan wà láàárín wọn: lórí pápá, kò sí bàbá, kò sí ọmọ. Rẹfirí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń pè é, bí gbogbo àwọn yòókù.

Nígbà tó yá, pápá kún. Àwọn èèyàn gun orí ògiri, wọ́n gun igi, wọ́n gun èjìká ara wọn. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ìsàlẹ̀ ti gbá ọ̀kan wọlé, Bíríkìlà sì ti jó títí fìlà rẹ̀ fi sọnù. Nígbà tí wọ́n padà dé, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé iná wọ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti fara kan ẹnìkan báyìí, fèrè a dún. Bó bá sáré díẹ̀ ṣíwájú, fèrè a dún. Bí wọ́n bá gbá a lẹ́sẹ̀ tó ṣubú, fèrè a dákẹ́. Ìyàwó Fèrè, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ará òkè, ń fi etí ìborùn nu ojú. Ó ń ráhùn pé ṣé ọmọ yìí kọ́ lòun bí fún ọkùnrin yẹn ni.

Ó wá kù díẹ̀ kí eré parí. Ọ̀kẹ́rẹ́ gba bọ́ọ̀lù láàárín, ó gé ẹni àkọ́kọ́, ó gé ẹnì kejì, ó fi bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ẹnì kẹta, gbogbo pápá dìde. Ó gbá a! Bọ́ọ̀lù náà bá òpó, ó já sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ó fẹ́ máa yí lọ sínú àwọ̀n. Aṣọ́lé ìsàlẹ̀ fò lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e jáde, ó sì gbá a lọ sí òkèèrè. Nọ́ọ̀sì wà lódìkejì, òpó bò ó lójú. Ṣùgbọ́n Fèrè dúró síbi tí ìlà ti ṣe tààrà níwájú rẹ̀. Ó rí i. Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa: ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọwọ́ rẹ̀ gbé fèrè dé ẹnu. Ó gbọ́ ohùn Bíríkìlà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́ pàṣán bàbá rẹ̀, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó mi orí. Ó ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò pariwo. Ó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

“Bàbá, ẹ rí i.”

Kò pè é ní rẹfirí. Fèrè gbójú sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí bàtà ọ̀tún ọmọ náà, tí ìkánjú òwúrọ̀ ti tú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé kò burú, tí àwọn bá délé, òun á tún un rán dáadáa, òun á fi awọ tuntun sí i, òun á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Kò tíì ro ìyẹn tán tí orí rẹ̀ fi wú. Sálúbàtà ló rí. Bàbá rẹ̀ ló rí lẹ́nu ọ̀nà, tí ń rán, tí kò sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé bí pápá yìí bá tú báyìí, òun náà ò ní í sọ ọ́ láé, Ọ̀kẹ́rẹ́ á sì máa retí rẹ̀ títí tí òun náà á fi bímọ.

Ó fọn fèrè, ó fọn ọ́n gùn débi pé bọ́ọ̀lù àti èèyàn jọ dúró. Ó rìn lọ sí àárín pápá, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá àgbà.

“Bọ́ọ̀lù ọmọ yìí wọlé. Mo rí i, mo sì sẹ́. Kẹ́ ẹ má baà ní mo ṣègbè ni mo ṣe rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́, mo ṣẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

Háà, ariwo! Àwọn ará òkè já bọ́ láti orí ògiri. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ ti dé ìdí tó ń wá. Bíríkìlà sáré wọ pápá, ó ní òfin bọ́ọ̀lù sọ pé bí eré bá ti ń bá a lọ, rẹfirí kò lè padà sẹ́yìn. Ká má purọ́, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Fèrè dúró bẹ́ẹ̀, òógùn bò ó, gbogbo ayé sì ń wò ó bí ẹni tó ń jí nǹkan fún ọmọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni aṣọ́lé ìsàlẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì etí omi ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e jó. Ó dé iwájú Ọ̀kẹ́rẹ́, ó dúró.

“Ẹ̀yìn ìlà ni mo ti gbé e. Mo ṣẹ̀ ẹ́.”

Bíríkìlà fi ọwọ́ di orí mú. Kí ni ì bá sọ? Òun gan-an ni díákónì tó ń mú kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ ní gbogbo Sọ́ńdè. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń wò ó láti orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú.

“Ó dáa,” ni Bíríkìlà wí, “àwa náà la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan sí ọ̀kan.”

Fèrè bọ́ fèrè lọ́rùn, ó fi í lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó sì rìn jáde. Ìyàwó rẹ̀ sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Kò jókòó síbẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù lọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ gba bọ́ọ̀lù, ó forí lé ilé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan tú nínú Fèrè. Ó la ẹnu, ohùn bàbá rẹ̀ ló jáde, odindi, láìdín: “Ọ̀kẹ́ẹ́rẹ́ẹ́! Ọmọ mi!” Ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí. Ó yíjú láti wo ẹni tó ń kígbe, bọ́ọ̀lù sì bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Pẹ́nárítì ni wọ́n fi parí rẹ̀. Aṣọ́lé yẹn náà ló mú bọ́ọ̀lù Ọ̀kẹ́rẹ́, níwájú ìlà, kedere, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ife lọ sí ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì dì mọ́ ara wọn, wọ́n sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wá sídìí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó la ẹnu, ó jókòó sáàárín bàbá àti ìyá rẹ̀.

Igbe ti mú kí ohùn Fèrè há. Ó na ọwọ́ sí bàtà náà.

“Ẹ fi í lẹ̀, Bàbá,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. “Ẹ ti tún un ṣe.”

Ó fi orí lé èjìká bàbá rẹ̀, wọ́n jọ ń wo àwọn ará ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé ife yí pápá ká.