Èjí Ìyá Wa

Ọdún kan náà ni èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ ilé-ẹ̀kọ́. Èmi lọ kọ́ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà eyín, òun lọ kọ́ bí a ṣe ń polówó ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín gbẹ, ni ìyá wa ń tà ní ọjà Òkìtìpupa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wá láti etí odò sì ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìyá wa bá ń ròyìn wa fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, á ní, "Ọ̀kan ń kọ́ bí a ṣe ń wo ẹnu ẹlẹ́nu, èkejì ń kọ́ bí a ṣe ń polówó ọjà láìlanu. Bá mi dúpẹ́." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa náà á rẹ́rìn-ín, á sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Kì í fi ọwọ́ bo ẹnu tẹ́lẹ̀. Eléjí ni ìyá wa. Èjí rẹ̀ fẹ̀, ó mọ́, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí bàbá wa tó kú, ó máa ń sọ pé èjí yẹn lòun kọ́kọ́ rí ní Igbodigo kí òun tó rí ẹni tó ni ín. Ọ̀kadà ló gba èjí náà lọ́wọ́ ìyá wa. Ó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe púpurú, ọlọ́kadà yà fún ewúrẹ́, ìyá wa sì fi ẹnu gbá títì. Eyín mẹ́rin iwájú lókè ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ lọ sílé ní àlàáfíà.

Láti ìgbà náà, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé òdìkejì ọjà wá ń rẹ́rìn-ín sínú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó fẹ́ sín. Ó dùn mí dé egungun. Bí nǹkan bá sì dùn mí, inú ló máa ń bí mi. Mo bínú sí ọlọ́kadà, mo bínú sí ewúrẹ́, mo tún bínú sí àwọn tó ń sọ pé, "Ṣebí eyín lásán ni, ẹ̀mí rẹ̀ ṣáà wà."

Nígbà tí wọ́n ní kí àbúrò mi ṣe fídíò ọjà kan fún iṣẹ́ kíláàsì, púpurú ìyá wa ló mú. Ó ya ìyá wa níbi tó ti ń mọ ọ́n róbótó, ó yà á níbi tó ti ń tò ó sókè iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn ti sọ pé oníbàárà gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rín ọlọ́jà. Àbúrò mi bẹ ìyá wa, ó pa á lẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ jó fún un. Kí ẹ̀rín tó dé, ọwọ́ á ti dé ẹnu.

"Ọma mi, ya púpurú," ni ìyá wa sọ. "Púpurú ni wọ́n fẹ́ rà, wọn ò ra ẹnu mi."

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ìyá mi á tún lanu rẹ́rìn-ín. Ilé-ẹ̀kọ́ ti rán mi sí ilé ìwòsàn eyín kan ní Òkìtìpupa nígbà náà, kí n lọ fi ọwọ́ kọ́ ohun tí mo kà nínú ìwé. Dókítà ibẹ̀ gbà pé kí n mú un wá. Èmi ni mo po ohun rírọ̀ tí a fi ń gba àwòrán ẹnu, tó máa ń rí bí ẹ̀kọ kó tó dì. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn: "Ẹ lanu, mà. Ẹ lanu díẹ̀ sí i."

Ó gbójú sókè wò mí. "Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lanu gba ẹ̀kọ."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ohun tó mú lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Àkúrẹ́ ni ọkùnrin tó ń ṣe eyín náà wà. Mọ́tò la fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Kí ó tó ṣe é tán pátápátá, ó máa ń kọ́kọ́ to eyín náà sórí ìda kí ẹni tó fẹ́ lò ó lè dán an wò. Nígbà tó dé, mo fi í sí ìyá mi lẹ́nu, mo gbé dígí fún un. Eyín mẹ́rin funfun, wọ́n fara kanra bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ó dára lójú mi. Ìyá mi wo dígí náà pẹ́.

"Ta nìyí?"

"Ìyé, ẹ̀yin ni."

"Èmi kọ́. Èjí mi dà?"

Dókítà ṣàlàyé fún un pé níbi tí ọkùnrin náà ti kọ́ṣẹ́, àbùkù ni wọ́n ka àlàfo àárín eyín sí, ṣe ni wọ́n máa ń dí i. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó yọ eyín náà sí mi lọ́wọ́. "Bí mo bá gbé ẹnu yìí lọ bá bàbá yín lọ́run, á ní ẹni tí òun ń retí kò tíì dé. Ẹ dá a padà. Kí ó fi èjí mi sí i."

A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àbúrò mi ló jogún èjí náà, nítorí náà mo ya ẹnu rẹ̀, mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́, mo ní kí ọkùnrin náà fi àyè sílẹ̀ báyìí gan-an. Ó gbà. Lẹ́yìn náà ó ní kò sí iná, lẹ́yìn náà ó ní jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́. Mo ń pè é, mo ń bú u. Ìyá mi ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń yí púpurú lórí iná, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó ti lọ. Nígbà tí a padà délé, púpurú ṣì wà lórí iná, ẹ̀gbẹ́ kan ti jóná. Àbúrò mi jókòó tì í, ó ń fi ọ̀bẹ ha ibi tó jóná kúrò, kò sunkún.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni fóònù mi dún. Dókítà ni, kò tíì gbọ́. Ó ní, "Eyín Màmá ti dé láti Àkúrẹ́. Sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀."

Mo gun ọ̀kadà lọ gbà á, mo gba ibẹ̀ lọ sí mọ́ṣúárì. Bàbá tó ń tọ́jú òkú níbẹ̀ wo ojú mi, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, kò béèrè púpọ̀. Ó ní kí n ṣe kíá kí òun tó fún òkú náà lóògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, nítorí lẹ́yìn ìyẹn ẹnu náà kò ní ṣeé ṣí mọ́. Ó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi títí ó fi rọ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ síwájú, ẹnu mi sì sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára:

"Ẹ lanu, mà. Ẹ lanu díẹ̀ sí i."

Bàbá náà yí ojú sí ògiri.

Eyín náà wọlé wẹ́rẹ́, ó bá a mu. Èjí náà wà níbẹ̀, ó fẹ̀, ó mọ́. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, bàbá náà sì pa ẹnu ìyá mi dé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́jú òkú. Ìgbà náà ni mo tó sunkún. Ẹnu tí mo fẹ́ kó ṣí, tí mo tún ṣe kó lè ṣí, ni wọ́n pa dé lójú mi.

Àbúrò mi ló ṣe àwòrán ìkéde òkú tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, iṣẹ́ tó kọ́ ṣáà nìyẹn. Nínú àwọn fọ́tò àtijọ́, ìyá wa pa ẹnu mọ́, ó le kokoko bí àwọn àgbà ṣe máa ń ya fọ́tò. Nínú tuntun, ọwọ́ wà lẹ́nu. Ó wá ní kí fóònù bá òun mú ọwọ́ náà kúrò, kí ó fi ẹ̀rín síbẹ̀. Ó gbé e wá fún mi. Eyín funfun, wọ́n fara kanra. Fóònù yẹn àti ọkùnrin Àkúrẹ́, ọ̀gá kan náà ló kọ́ wọn níṣẹ́.

"Ta nìyí?" ni mo bi í.

Ó wò ó, ó sì pa á rẹ́. Ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ yìí, ọjọ́ yẹn ló sun ún. Èyí tó fi ọwọ́ bo ẹnu la lò. Ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ béèrè bóyá ìyá wa ń wúkọ́ ni. Mo sọ̀rọ̀ sí i débi tí kò tún béèrè nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, a tẹ́ ẹ sí yàrá iwájú ní Igbodigo. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń sọ pé àfi bí ẹni tó sùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ẹlẹ́ja wọlé, ó dúró tì í pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé òfófó kan ṣì kù láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Ọma mi, ó sọ fún mi pé èjí òun lòun ń dúró dè. Ṣé ó dé?"

"Ó dé, Màmá."

"Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ó fi ìka kan ètè ìyá mi tó pa dé, kò ṣí i wò.

"Ó dáa," ló wí. "Kó máa lọ. Ọkọ rẹ̀ á dá a mọ̀."