Sípíkà Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Gíláàsì fèrèsé ilé àdúrà wa ní òpópónà Fondren ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti dé. Bí mo bá ti gbé gìtá béèsì mi kọ́rùn, tí mo ta okùn tó nípọn jù lẹ́ẹ̀kan péré, fèrèsé á dáhùn gbìrìrì, ọ̀pá àbẹ́là orí pẹpẹ á máa gbọ̀n, èmi náà á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé agbára nìyẹn. Lójú tèmi nígbà náà, kò sí ẹni tó ń ta béèsì tó mi ní gbogbo Houston. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ariwo lásán ni mò ń pa, ọ̀tá ni ǹ bá pè é. Kò sì sí ẹni tó sọ ọ́, nítorí ọmọlúwàbí ni wọ́n, ìtìjú wọn yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì ni ilé àdúrà náà tẹ́lẹ̀, ó wà láàárín ilé onígbàjámọ̀ kan àti ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. A yá a, a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búlúù sórí sìmẹ́ńtì rẹ̀, àwọn bàbá ìjọ sì fi pákó kan pèpéle fún àwa olórin ní igun ọ̀tún. Aláṣọ funfun ni wá, a kì í wọ bàtà wọlé. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bàtà àwọn nọ́ọ̀sì, bàtà àwọn awakọ̀ trọ́ọ̀kì àti ti àwọn dókítà á tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa á di ẹlẹ́sẹ̀ lásán níwájú Ọlọ́run.

Màmá tó ń dá orin fún wa ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn gan-an. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àwọn ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú lápá Humble lọ́jọ́ tí mo dé láti wá kàwé, tí wọ́n mú jákẹ́ẹ̀tì dání fún mi nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn kò ní í gbàgbọ́ pé òtútù wà ní Texas. Títí a fi dé ilé wọn ní Missouri City ni wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń fi ìka lu ìdarí ọkọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo gbé lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ti ta béèsì rí ní ìjọ wa nílé, lórí gìtá tí okùn rẹ̀ kan ti já tí ẹnikẹ́ni kò ra òmíràn sí i, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn olórin, wọ́n ní, "Ẹ gba ọmọ mi." Màmá kì í wo ìwé orin. Wọ́n á di ojú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, orin á sì gbéra.

Nígbà tí mo parí ìwé, mo ríṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ àwọn ilé ìfọpo rọ̀bì. Kò pẹ́ tí mo fi ra sípíkà béèsì kan tó ga tó fíríìjì. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. A gbé e sórí pèpéle, a tì í mọ́ igun ògiri kí ó má baà ṣubú lu ẹnikẹ́ni, Bàbá Olùṣọ́àgùntàn wa sì ta òróró sí i lórí, wọ́n ní, "Ohùn rẹ yóò rìn jìnnà!" Gbogbo ìjọ ké Àmín. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún ṣí i nípò. A ń nù ún, a ń gbálẹ̀ yí i ká, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ ojú oórì. Èmi náà sì gba àdúrà yẹn bí àṣẹ, mo ń yí ohùn rẹ̀ sókè lóṣooṣù.

Ohun tó ṣe mí ní kàyééfì ni pé bí mo ṣe ń yí i sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni èmi gan-an kò gbọ́ ohun tí mò ń ta. Sípíkà náà wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, ohùn rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn orúnkún mi kọjá lọ bá àwọn èèyàn, pèpéle ń gbọ̀n, igun ògiri sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà ní wúùù kan ṣoṣo tí kò lórí tí kò nídìí. Arábìnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tún ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ ohùn ìsàlẹ̀ kan náà tí mò ń ta. Àwọn akọrin ní àwọn kò mọ ibi tí orin wà mọ́. Mo ní wọn kò fetí sílẹ̀ ni.

Ní àkókò yẹn ni wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí etí Màmá méjèèjì. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé wọ́n kúrò lórí àga wọn níwájú, wọ́n lọ sí àárín. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń dá orin. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dá orin kan tán, a kò ní í rí wọn mọ́. Mo rò pé àgbà ló dé. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, okùn gìtá mi já, mo sáré jáde lọ mú òmíràn nínú mọ́tò. Orin ṣì ń lọ nínú ilé. Mo rí Màmá nínú mọ́tò tiwọn, nínú sùtánà, wọ́n ti yí gíláàsì sílẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìgbà tí wọ́n wà nínú ilé àdúrà, wọ́n sì ń bá wa kọrin láti ibẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà, mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Kò sí nǹkan o, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orin ni. About two minutes now. Mo wá ń rò ó pé kí ló ṣe ọ? Àṣé okùn ẹ ló já."

Wọ́n fi ọwọ́ kan etí wọn. "Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ. Machine yìí ni. Tó o bá ti ta gìtá yẹn, gbogbo nǹkan á di wúùù nínú orí mi. Tí mo bá yọ ọ́, mi ò gbọ́ anything. Má worry. Lẹ́yìn ìkórè, mo máa fi orin sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. My daughter ti ní kí n máa wò yín lórí phone nílé."

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dùn mí dé egungun. Ẹni tó fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lé wọn jáde. Síbẹ̀, kí n má purọ́, inú kọ́kọ́ bí mi. Ní gbogbo ojú ọ̀nà márosẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo ń bá ara mi jà pé sípíkà olówó ńlá, tí wọ́n ta òróró sí, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?

Ọjọ́ kejì ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n rán mi lọ wo páǹpù kan tó ń gbọ̀n ní ibi ìfọpo. Iṣẹ́ mi nìyẹn, láti máa wádìí ohun tó ń mú ẹ̀rọ gbọ̀n. Wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kan ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó dún gbòǹgbòǹ bí àgbá òfìfo. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ẹ̀rọ yìí kò ṣàìsàn. Ibi tí ẹ gbé e lé ló ṣófo, igun tí ẹ tì í mọ́ ló sì ń dá ariwo rẹ̀ padà." Bí mo ṣe kọ ọ́ tán, mo tún un kà, mo bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn ará ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Wọ́n ń sanwó fún mi láti mọ ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ní ọjọ́ ìdánrawò orin, mo ní ká gbé sípíkà náà kúrò ní igun. Arábìnrin oníkíbọ́ọ̀dù fò sẹ́yìn. "Brother, ẹ jọ̀ọ́ o! I no fit touch am. Wọ́n ti ta òróró sí i. Mo ní ọmọ méjì ní daycare." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà. Òróró yẹn ni mo sì ti ń sá sẹ́yìn rẹ̀ láti ọdún méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ ráhùn, mo máa ń rán an létí àdúrà tí Bàbá gbà. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá nínú yàrá wọn, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Màmá, mo ṣàlàyé ti igun náà.

Bàbá bi mí pé, "Ṣé igun ilé ni mo ta òróró sí? Sípíkà ni mo gbàdúrà fún. Ohùn tí mo ní kó rìn jìnnà, ẹ wá há a mọ́ ògiri!" Wọ́n fọwọ́ pa iwájú orí. "Ó ti pẹ́ tí orí ti ń fọ́ mi tí mo bá ń wàásù. Mo rò pé bí ẹ̀yin olórin ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, I didn't want to offend you people."

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Àwa ń bọ̀wọ̀ fún òróró Bàbá, Bàbá ń bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wa, Màmá sì wà nínú mọ́tò.

A gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, jìnnà sí ògiri. Mo fi rọ́bà sí abẹ́ rẹ̀, mo gbé ojú rẹ̀ sókè kí ó máa wo orí mi dípò orúnkún mi. Mo bẹ arábìnrin oníkíbọ́ọ̀dù pé kó fi ohùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó ní, "So all this time, ìjà là ń jà?" Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ mú Màmá wá fúnra mi. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí àga wọn níwájú, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè níbi tó bá ti di wúùù létí wọn. Mo mú wáyà gígùn, mo dúró ti àga wọn, mo ń ta okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ béèsì mi láti ibi tí ìjọ ti ń gbọ́ ọ nìyẹn, ojú sì tì mí. Nígbà tí mo dé ohùn kan nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ wọn lọ sókè. Mo dín ohùn ìsàlẹ̀ kù. Mo tún ta á, ọwọ́ lọ sókè. Mo tún dín in kù, mo fi kún ohùn àárín, títí ọwọ́ wọn fi jókòó sórí itan wọn. Lẹ́yìn náà, mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀. Nílé wọn ni mo ti mọ ẹsẹ̀ yẹn; láti orí pèpéle, mi ò rí i rí.

Lọ́jọ́ ìkórè, orí ilẹ̀ ni mo dúró sí, nítòsí àga wọn. Mo ń ta béèsì ní kúkúrú, mo ń fi àyè sílẹ̀, mo sì gbé ojú lé ẹsẹ̀ náà. Wọ́n dá orin kan, wọ́n dá èkejì, wọ́n dá ìkẹta, ìjọ gbè é, a kọ ọ́ títí òógùn fi bò wá. Kò sí ẹni tó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nígbà tó parí, Màmá fi ọwọ́ pè mí, wọ́n yọ ẹ̀rọ etí wọn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Bátìrì ti kú láti orin kejì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ ẹ ni mò ń wò."

Mo ní, "Màmá, ẹsẹ̀ yín lèmi náà ń wò."

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. A ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, a ti kọ́ ilé àdúrà tiwa, mo sì ti ta sípíkà gíga náà, kékeré ni mò ń lò. Etí Màmá kò gbọ́ tó bó ṣe ń gbọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ṣì ni wọ́n ń dá orin, àga wọn sì wà níwájú. Àwọn tó ń kọ́ béèsì lọ́dọ̀ mi máa ń béèrè irú okùn tí mò ń lò àti ibi tí mo yí ohùn dé. Mo máa ń ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n lọ jókòó sórí àga àgbàlagbà kan ná. Wọ́n máa ń rò pé mò ń ṣeré. Ní tèmi, tí mo bá ta okùn àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gíláàsì fèrèsé kì í mọ̀ pé mo ti dé mọ́. Màmá ló máa ń yíjú wò mí, wọ́n á sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.