Ìrìn Àjò Ìhìnrere Lásìkò tí Ìlú Kú

Ìpàdé kejì tí a ṣe lórí ìrìn àjò náà ni tajútajú wọlé bá wa. A jókòó sínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa ní New Bell, a ń jiyàn bóyá ìrẹsì la máa gbé lọ tàbí gààrí, ni nǹkan kan bá dún gbàmù lójú títì, èéfín funfun sì gba ojú fèrèsé wọlé. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú ti ń ta gbogbo wa bí ẹni tí wọ́n da ata sí lójú. A sùn mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ki gèlè bọ omi, a fi bo imú. Nígbà tí ó rọlẹ̀ díẹ̀, ọmọkùnrin tó jẹ́ igbákejì mi nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká mú gààrí. Gààrí ò nílò iná." A rẹ́rìn-ín, a sì ń bá ìpàdé wa lọ.

Bí Douala ní Cameroon ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Ọrọ̀ ajé ti dojú dé, àwọn ilé iṣẹ́ ń lé èèyàn, àwọn alátakò ìjọba sì ti pàṣẹ pé kí ọjà má ṣí, kí ọkọ̀ má rìn, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Villes mortes ni wọ́n ń pè é. Àwa máa ń sọ pé ìlú kú. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni èèyàn lè jáde ra oúnjẹ. Ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ. Ẹni tó bá wakọ̀, wọ́n á sọ ọ́ lókùúta. Àwọn sójà náà á sì jáde, wọ́n á lu ẹni tó dí ọ̀nà, wọ́n á lu ẹni tí kò dí i pẹ̀lú. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Marché Central, èmi ni mo ń bá wọn tajà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ọjọ́ ńṣe la máa ń jókòó sílé ní Madagascar, àdúgbò tí à ń gbé, tí a ń gbọ́ ìró ìbọn bí ẹni ń gbọ́ òjò.

Àwọn èèyàn bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ irú àkókò bẹ́ẹ̀ la ń ṣètò ìrìn àjò ìhìnrere. Obìnrin kan ló fà á. Ó máa ń gbé kókò wá sí ọjà Marché Dakar ní Douala láti abúlé kan lójú ọ̀nà ìlú Yabassi. Ó sọ fún wa pé àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún ń jọ́sìn lábẹ́ àtíbàbà tí ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ, àti pé tíṣà kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti lọ, kò padà wá mọ́. A wá pinnu pé a ó lọ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, a ó kan òrùlé, a ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé àti orin, nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa á sì máa tọ́jú egbò. Ẹ̀rù ba Pásítọ̀. Wọ́n ní kí a dúró kí ìlú tòrò. Mo ní, "Pásítọ̀, tí kò bá tòrò ńkọ́?" Wọ́n wá gbà.

Igbákejì mi ni a fi iṣẹ́ òrùlé lé lọ́wọ́. Douala ni wọ́n bí i sí. Tó bá ń sọ Yorùbá, ìdajì rẹ̀ Faransé ni. Iṣẹ́ pákó ló ń ṣe ní èbúté kí wọ́n tó lé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láìsan ohunkóhun. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti máa ń gbóná lójijì, ṣùgbọ́n bí ó bá ti mú ìwọ̀n àti pẹ́ńsù, ara rẹ̀ á balẹ̀, á máa kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ ló kù. Mo lọ bá bàbá awakọ̀ kan tí ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. Mùsùlùmí ni wọ́n, ará Ìwó, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ti dé Cameroon. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kágò. Mo kúnlẹ̀, mo sọ tẹnu mi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ fẹ́ kí n gbé yín lọ wàásù, kí n sì jókòó síbẹ̀ máa wò yín?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, tí ọ̀nà bá ṣí, Ìnṣá Àlá. Ẹ ṣáà fún mi láyè kí n kírun lọ́nà."

Kí Sátidé yẹn tó dé, ní ọjọ́ kan tí ìlú kú, aya aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Láti òru ló ti ń rọbí, ọmọ ò wá, ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Bàbá awakọ̀ gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n lọ ṣí gáréèjì wọn. Ìyàwó wọn dì wọ́n mú ní agbádá, ó ní, "Bàbá, wọ́n á pa yín." Wọ́n ní, "Ṣé kí n wá jókòó kí n máa gbọ́ bí ó ṣe ń kú?" Wọ́n já ẹ̀ka igi tútù, wọ́n dè é mọ́ iwájú ọkọ̀ kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ la fi ń kọjá. Èmi ni mo bá aláboyún náà jókòó lẹ́yìn, mo gbé orí rẹ̀ lé itan.

A ò tíì rìn jìnnà tí a fi kan iná. Wọ́n ti to táyà dí títì, wọ́n sọ iná sí i, èéfín dúdú gba ojú ọ̀run. Àwọn ọmọkùnrin pọ̀ lẹ́yìn iná náà, wọ́n di aṣọ mọ́ imú, òkúta àti igi ló wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá rọra dá ọkọ̀ dúró, wọ́n yọ orí síta, wọ́n ń pariwo lédè Píjìn pé obìnrin fẹ́ bímọ. Òkúta àkọ́kọ́ fọ́ gíláàsì iwájú. Ẹni tó fẹ́ ju ìkejì bọ́ síwájú, aṣọ ojú rẹ̀ já wálẹ̀, mo sì rí i pé igbákejì mi ni. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Òkúta náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú òsì bàbá ló bà.

Àwọn ọmọkùnrin náà fa bàbá bọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo gbọ́ bí igi ṣe ń dún lára wọn, ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń lu tìmùtìmù nínú oòrùn. Pákó kan ní ìṣó lẹ́nu. Bàbá ò ké, àfi ìgbà tí wọ́n pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan. Mo na ara mi lé obìnrin náà. Ọkùnrin kan ṣí ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ mi, ó gbé igi sókè, ó rí ikùn, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó sì ju igi rẹ̀ nù. Òun àti àwọn méjì mìíràn ló bá mi gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Orí tábìlì tí télọ̀ fi ń gé aṣọ ló bí ọmọ náà sí, bí bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ iná sí ṣe ń jó lóde tí táyà rẹ̀ ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin ni ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ yè. Nígbà tí mo jáde, bàbá wà nínú gọ́tà, àwọn èèyàn sì ti túká. A rí ẹlẹ́rù kan tó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ gbé wọn dé ọsibítù. Ẹ̀mí wọn ò bọ́. Ojú òsì náà ló lọ.

Ní ìpàdé wa tó tẹ̀lé e, igbákejì mi wá. Ó jókòó sí ààyè rẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù ya ìgbékalẹ̀ òrùlé. Mo pè é síta.

"O mọ bàbá yẹn," mo ní.

"Mi ò mọ̀ pé àwọn ni. Èéfín pọ̀, Àǹtí."

"O ò mọ̀ pé èèyàn ni?"

Mo ní kó máa lọ sílé, pé kò ní bá wa lọ. Ó ní, "Ta ló máa wá kan òrùlé?" Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá a létí. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní ètè rẹ̀, kò gbé ọwọ́ sókè. Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ àwọn sójà fi dé.

Ẹnì kan ti lọ sọ fún wọn pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń dí ọ̀nà ń pàdé nínú gbọ̀ngàn wa. Wọ́n lé gbogbo wa jáde, wọ́n ní kí a dojú bolẹ̀ nínú omi gọ́tà, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n ń fi bẹ́líìtì nà wá lẹ́yìn. Ọ̀gá wọn ń bèèrè ohun tí a ń pète. Mo ní ìrìn àjò ìhìnrere ni. Ó fi bàtà tẹ̀ mí lọ́rùn, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Nọ́ọ̀sì wa fi ọwọ́ bo orí, wọ́n fi ìdí ìbọn dá ìka rẹ̀ méjì. Pásítọ̀ jáde wá bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbá wọn ṣubú.

Ọ̀gá náà ti gbọ́ nípa bọ́ọ̀sì tó jó. Ó rán àwọn sójà lọ mú bàbá awakọ̀ wá láti ilé; ọsibítù ti dá bàbá sílẹ̀. Bàbá dé, aṣọ funfun yí orí wọn ká, ìyàwó wọn ń fà wọ́n lọ́wọ́. Àwọn sójà ní kí a dìde, kí a tò. Ọ̀gá náà bi bàbá pé, "Èwo nínú wọn ni?" Bàbá ń rìn lọ níwájú wa, ojú kan yẹn ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ igbákejì mi, wọ́n dúró. Mo ń gbọ́ bí omi gọ́tà ṣe ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Bàbá ní, "Kò sí níbí." Ọ̀gá tún bi wọ́n, ó tì wọ́n láyà, wọ́n ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Wọ́n ní, "Mo ní kò sí níbí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì làwọn wọ̀nyí. Èmi ni mo fẹ́ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ń lọ." Àwọn sójà fọ́ àga wa, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ kí bàbá. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kóòtù kọ́ ni wọ́n máa gbé e lọ. Mo mọ ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ. Ojú mi ò ní torí ìyẹn hù padà." Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí igbákejì mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní àgbàlá. Ìyàwó bàbá ń se àmàlà lọ́wọ́. Ó gbé ìkòkò omi tó ń hó, ó dà á sí i lẹ́yìn. Ọmọkùnrin náà ké bí ẹran, ṣùgbọ́n kò dìde. Bàbá pariwo mọ́ ìyàwó wọn. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin lẹ dárí jì í. Ẹnu tèmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mi ò lè dá a lẹ́bi nígbà náà, mi ò sì dá a lẹ́bi títí di òní.

Nọ́ọ̀sì, tòun ti ìka tí wọ́n dì, ló ń tọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí a tún jókòó láti parí ètò wa, àwọn òbí ti fa ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sẹ́yìn. A kù díẹ̀. Ẹnì kan bèèrè bóyá igbákejì mi lè bá wa lọ. Pásítọ̀ ní kí a gbàdúrà sí i. Mo ní àdúrà kọ́ ló máa kan òrùlé, kó máa bọ̀.

Ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó ń lọ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ la wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìdúró ni igbákejì mi wà títí a fi dé ibẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ò lè kan nǹkan. Mo ti múra ìwàásù lórí àlàáfíà. Nígbà tí mo dìde níwájú àwọn ará abúlé náà, mo wo ẹgbẹ́ wa, àpá bẹ́líìtì lára ẹni yìí, ìka dídì lára ẹni yẹn, mo sì pa ìwé ìwàásù náà dé. Mo ní kí a kọrin, lẹ́yìn náà kí a lọ ṣiṣẹ́. Igbákejì mi gun orí àtíbàbà láàárọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti omi egbò ń mú ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ó ní òun ò bá wa padà. Ó ní àga àwọn ọmọ ilé ìwé kù, òun fẹ́ kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n tán, ó kan ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọbìnrin kan níyàwó níbẹ̀. Kò tún gbé Douala mọ́. Bàbá awakọ̀ padà sí Ìwó nígbà tí ara wọn kò gbé e mọ́, wọ́n sì kú sílé. Ìyàwó wọn ṣì wà ní Madagascar. A máa ń pàdé lọ́jà, a máa ń kíra, ó máa ń bèèrè àwọn ọmọ mi. Kò bi mí rí nípa ìrìn àjò náà.