Bàbá Vendel àti Iyùn Màmá Etelka

“Bàbá Vendel, mélòó ni ẹ kà?”

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè yẹn lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní ìlú Miskolc. Ó ki awò tó fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́ bọ àpò kóòtù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. N kì í sábà bi àgbàlagbà ní ohunkóhun, nítorí náà mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Vendel Hrabovszki fi tún ọkọ̀ ojú irin ìgboro ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Kò níyàwó, kò bímọ. Nínú yàrá rẹ̀ kan ṣoṣo, àpótí dígí olómi iyọ̀ ló gba ibi tó yẹ kí tábìlì ìjẹun wà, orí ìdúró ló sì ti máa ń jẹun. Iyùn ààyè ló ń sìn nínú rẹ̀, ẹranko kékeré tó ń dàgbà nínú òkun, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti gbẹ́ fún ọrùn. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin iyùn bá ní iyùn tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Vendel ló ń gbé e wá.

Kì í pe iyùn lórúkọ lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí iyùn tí kì í dán lábẹ́ rẹ̀. Á tan tọ́ọ̀ṣì funfun, á mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, á wá ka àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó yí ẹnu iyùn náà ká. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, irú rírọ̀ ni, oníwà pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ju mẹ́jọ lọ, kò ní tíì sọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ wo eegun rẹ̀, nítorí irú mìíràn wà tó máa ń ta aládùúgbò rẹ̀ pa.

Lọ́jọ́ ìpàrọ̀, tí ẹgbẹ́ máa ń kó ègé iyùn wá sí gbọ̀ngàn àwọn òṣìṣẹ́, kíkà yìí ni wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

“Vendel, ṣé ò ń kà á ni àbí ò ń gbàdúrà fún un?” Gáspár ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, akólẹ́tà tí ohùn rẹ̀ máa ń kún gbogbo yàrá.

Màmá Etelka, tó ń gbé ní yàrá tó wà lábẹ́ tiwa, mú mi dání lọ sí irú ìpàrọ̀ bẹ́ẹ̀ kan ní oṣù kẹta. Bódog ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ó fi iyùn ńlá kan tó rí bí ọpọlọ sílẹ̀, tó ti tọ́jú fún ọdún méjìlélógún. Láràárọ̀, Màmá Etelka á kí iyùn yẹn kó tó kí ènìyàn kankan.

Lọ́jọ́ náà, ó gba ègé kékeré kan nínú ike, tó tanná bí òdòdó.

“Vendel, irú wo nìyí? Ṣé mo lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bódog mi?”

Bàbá Vendel na ọwọ́ sí awò rẹ̀.

“Ó tún ti dé o!” Gáspár pariwo. “Ẹ bá wa gbé àga wá, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí lónìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ló ń ṣe bàbá yìí, kò kàn fẹ́ sọ fún wa ni!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Etí Bàbá Vendel pọ́n. Ó fi awò náà sílẹ̀ nínú àpò.

“Ta ni ojú ń ṣe? Ọlọ́wọ́ mẹ́jọ ni. Gbé e síbi tó bá wù ọ́, Etelka, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní oṣù karùn-ún, Màmá Etelka lọ kí àbúrò rẹ̀ ní ìlú Eger fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ń fún àwọn ẹja rẹ̀ lóúnjẹ. Nígbà tó dé, ẹ̀gbẹ́ kan iyùn Bódog ti funfun, ẹran ara rẹ̀ ti bọ́, eegun ló kù. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Vendel.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí ègé kékeré ọjọ́ ìpàrọ̀ yẹn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn Bódog, ó gbé awò sójú, ètè rẹ̀ sì ń mì. Mo ń kà pẹ̀lú ètè rẹ̀: mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Ètè náà kò dúró. Nígbà tó dúró, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó yọ ègé náà, ó sì jù ú sínú báàgì rẹ̀.

“Vendel, kí ni mo ṣe fún un?”

“Omi ni,” ló sọ. “Omi yìí ti tutù jù.”

“Ìgbà tí mo lọ sí Eger ni.” Màmá Etelka jókòó. “Ọjọ́ mẹ́ta péré! Bódog tọ́jú ẹ̀ fún ọdún méjìlélógún, èmi ò lè tọ́jú ẹ̀ fún ọdún méjì.”

Bàbá Vendel wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Nígbà tó ń lọ ni mo sáré bá a lórí àtẹ̀gùn, tí mo bi í ní ìbéèrè yẹn.

Iyùn náà kú tán kí oṣù kẹfà tó wọlé. Láti ìgbà náà, Màmá Etelka kò sun ibòmíràn mọ́. Kò lọ sí Eger, kódà nígbà tí àbúrò rẹ̀ wà ní ọsibítù. Bàbá Vendel ń pọn omi iyọ̀ wá fún un ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kò sì jẹ́ kó dúpẹ́. Nínú ẹgbẹ́, bí wọ́n bá gbé iyùn dé iwájú rẹ̀, á ní, “Ẹ bi Gáspár.” Èmi náà dákẹ́. Bí mo bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ tó pọ́n lọ́jọ́ yẹn ni mo ń rántí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dákẹ́, mo sì ń rí Màmá Etelka lójoojúmọ́.

Lóṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, ó sì fi àpótí náà ta Gáspár lọ́rẹ. Ó yan pogácsa, búrẹ́dì kékeré oníyọ̀, de èmi, Gáspár àti Bàbá Vendel. Bí Gáspár ṣe ń kó ẹja sínú korobá, Màmá Etelka di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Jọ̀ọ́, má fi wọ́n sílẹ̀ lọ ibì kankan. Ṣebí o rí ohun tí mo ṣe fún ti Bódog.”

“Ibo ni mo fẹ́ lọ? Ìyàwó mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dé ẹnu ọ̀nà.”

Màmá Etelka kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Vendel gbé pogácsa ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wò mí.

“Boróka, o bi mí nígbà kan pé mélòó ni mo kà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

Ó yíjú sí Màmá Etelka.

“Lọ́jọ́ ìpàrọ̀, mi ò kà á rárá. Ojú ló ń tì mí. Ìgbà tí mo kà á nínú yàrá yìí, Etelka, ọwọ́ mẹ́rìnlélógún ni. Ègé yẹn ló ta iyùn Bódog pa. Kò sí nǹkan kan tó ṣe omi rẹ.”