Pọ́ǹpù Tó Ń Kùn Lábẹ́ Mọ́tò Àlàmú

Àlàmú ọkọ mi, ọmọ a-jí-bá-ọ̀sà-sọ̀rọ̀, ọmọ àwọ̀n-gbẹ-lórí-odi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí í fi ẹja tútù ṣe àlejò lóore, Àlàmú tí ń rẹ́rìn-ín kó tó bínú. Sùn re. Bí mo ṣe máa ń kì ọ́ nígbà tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo tún kì ọ́ níbí.

Inú oríkì nìkan ni aya ti lè pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ. "Ẹ" ni mo ń sọ fún un láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Orúkọ gbogbo àwọn tó bá wa ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí wà lọ́kàn mi, àti ti ìyá tó bí wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè ní kí n má kọ orúkọ àwọn, mo sì gbà fún wọn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ fojú fò ó.

Pijó onídìí gígùn ni mọ́tò náà, bàbá ọkọ mi ló ni ín. Ẹja ni wọ́n ń fi kó láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n wọ́ mọ́tò wá sí ilé wa ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, ó wà lábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, òórùn ẹja á tún jáde, bí ẹni pé àná ni wọ́n já ẹrù. Àlàmú kò ráyè tirẹ̀, ọ́fíìsì l'Ékòó ló ń jí lọ láràárọ̀. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láìdúró mí, ìgbà náà ló rántí mọ́tò.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "mo fẹ́ fọwọ́ ara mi wa mọ́tò bàbá mi wọ agbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́."

"Tí ara yín bá ti le, ẹ ó wà á."

"Tí kò bá wá le ńkọ́?"

Ohun tó ń wá nìyẹn, kò wá òmíràn: kó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, kó gbé ara rẹ̀ délé, kó tó di pé àwọn ẹlòmíràn gbé e lọ.

Òun àti mẹkáníìkì kan, ará Ìjẹ̀dẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, onísílíńdà mẹ́fà, ẹnu mẹ́fà tó ń gbé epo mì. Ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé bó bá bú, ewé máńgòrò á mì. Mo bi í léèrè, mo ní, "Ẹja ò sí nínú mọ́tò mọ́. Kí ni gbogbo agbára yìí fẹ́ gbé?"

"Èmi ni," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Pọ́ǹpù tí wọ́n yọ lára mọ́tò kékeré kan ni mẹkáníìkì kọ́kọ́ fi sí i, pé ká fi gbìyànjú ná. Pọ́ǹpù yìí ló ń fa epo láti inú táǹkì wá fún ẹ́ńjìnnì. Nínú ọgbà wa, mọ́tò dún dáadáa. Àwa mẹ́ta wọ inú rẹ̀, a forí lé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. A kò tíì dé Ìtòíkín, níbi tí ọ̀nà ti gòkè díẹ̀, Àlàmú tẹ iná mọ́ ọn, ni mọ́tò bá wúkọ́, ó sé, ó kú. Bó bá rọra wà á, á lọ. Bó bá ti béèrè agbára lọ́wọ́ rẹ̀, á kú.

Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Alájì, èémí ẹ̀ ò tó. Pọ́ǹpù mọ́tò ẹlẹ́nu mẹ́rin lẹ fi ń bọ́ ẹlẹ́nu mẹ́fà. Ebi ló ń pa á."

"Èwo ni 'ẹ'? Ta ló fi í síbẹ̀?"

"Èmi náà ni, Alájì."

"Ó dáa. Èémí àwa méjèèjì ni ò tó, èmi àti òun."

Tírélà oníyanrìn kan ló fà wá padà.

A lọ sí Ìtamága, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Èmi ni mo gbé oògùn Àlàmú àti omi rẹ̀ dání. Wọ́n fi táyà kan ṣe ìjókòó fún un. Ọkùnrin náà ki ẹsẹ̀ pọ́ǹpù àkọ́kọ́ bọ inú epo nínú abọ́, ó fi wáyà kan bátìrì, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tó-tó-tó.

"Ẹ má bínú, Alájì, èyí ń tọ̀ bí àgbà."

"Àgbà wo?"

"Àgbà tí kò sí níbí, sà."

Àlàmú rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn.

Èkejì ta epo jáde bí ọfà, kò sì pariwo rárá. Mẹkáníìkì ní èyí lòun fara mọ́. Inú táǹkì ló ń gbé, epo fúnra rẹ̀ ló ń tù ú, kò ní gbóná, a kò tilẹ̀ ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa gé táǹkì bàbá kí wọ́n tó rí i fi sí i. Ẹ̀kẹta lágbára bíi ti èkejì, abẹ́ mọ́tò nítòsí táǹkì ni wọ́n ń so ó mọ́. Nígbà tí wọ́n fi wáyà kàn án, ó kùn yùùùn, ajá tó sùn lábẹ́ tábìlì dìde.

"Àwẹ̀ró, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Gbogbo Ìtamága ló gbọ́ ọ."

"Tó o bá wà ní kíṣìnnì ńkọ́?"

"Màá gbọ́."

"Èyí ni màá mú."

"Alájì, ariwo ẹ̀ á sú yín o," mẹkáníìkì wí.

"Kì í ṣe èmi ló máa gbọ́ ọ." Ó kọjú sí mi. "Tí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, á kọ́kọ́ kùn kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn. Tó o bá ti gbọ́ ọ, gbé omi ẹ̀bà kaná. Mo ń lọ yípo àdúgbò nìyẹn. Kó tó hó, màá ti dé. Má dúró sẹ́nu géètì máa wọ̀nà mọ́."

Ó ti mọ̀ pé ẹnu géètì ni mo máa ń dúró sí.

Wọ́n so pọ́ǹpù náà mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe tẹ iná mọ́ mọ́tò tó, ebi kò pa á mọ́. Láti ọjọ́ náà, yùùùn, màá gbé omi kaná. Omi á máa pariwo nídìí ìkòkò, màá gbọ́ ìlẹ̀kùn mọ́tò. Kò pẹ́ rí. Ẹ̀pẹ́ nìkan ni a ń sún síwájú, pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀. Ẹsẹ̀ náà kò sọ̀.

Àárọ̀ Jímọ̀ọ̀ kan, lẹ́yìn tó ti fi ìjókòó kírun, ó ní kí n fi ìrọ̀rí ti òun lẹ́yìn. Mo yíjú mú ìrọ̀rí. Kí n tó yíjú padà, ó ti lọ.

Àbúrò rẹ̀ dé láti Ẹ̀pẹ́, ó ní òun máa wá mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé òkú. Mẹkáníìkì kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Mọ́tò Alájì wà níta," ó ní. "Kò sí mọ́tò mìíràn tó máa gbé wọn." Wọ́n wẹ Àlàmú, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn mọ́tò, níbi tí bàbá rẹ̀ ń to agbọ̀n ẹja sí. Wọ́n ní aya kì í tẹ̀ lé òkú dé ibojì, kí n jókòó sínú ilé. Kíṣìnnì ni mo jókòó sí.

Pọ́ǹpù kùn.

Mo dìde, mo bu omi sínú ìkòkò, mo gbé e kaná. Ẹ̀gbọ́n Àlàmú obìnrin wọlé bá mi níbẹ̀.

"Ìyàwó wa, kí lo fẹ́ sè?"

Wọ́n wo iná, wọ́n wò mí, wọn kò sọ ìkòkò náà kalẹ̀. Wọ́n fa ìjókòó, wọ́n jókòó tì mí. Omi náà hó.

Mẹkáníìkì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé mọ́tò kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kódà ní òkè Ìtòíkín yẹn.

Wọ́n sin Àlàmú sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀.